Láti Orí Wàláà Dé Iwájú Pátákó: Bí A Ti Ń Kọ́ Èdè Lárúbáwá

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Báwo ni ọmọ tí ó ka Àlùkùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò kọsẹ̀, ṣe lè dúró bí odi nígbà tí Lárúbáwá kan bá bèèrè omi mímu lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ìdílé mùsùlùmí ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Baba pa àgbò, ìyá ró aṣọ tuntun, àwọn àlùfáà ṣe àdúrà fún ọmọ nítorí pé ó ti parí Àlùkùránì. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó túmọ̀ ìlà kan péré, orí ni yóò máa họ. Àwọn kan a ní ọdún tí ó lò nílé kéwú ṣòfò. Àwọn mìíràn a dáhùn pé ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ iyì kéwú. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wa lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti rí látijọ́, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ́ èdè Lárúbáwá láti fi mọ ẹ̀sìn rẹ̀.

Ilé kéwú àtijọ́ ni kí a kọ́kọ́ yà sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Shehu Àlímì wà ní Ìlọrin, ìlú náà di ibi tí àwọn àlùfáà ń péjọ sí. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jáde lọ kọ́ni ní àwọn ìlú Yorùbá mìíràn. Wọn kò nílò ilé ńlá. Abẹ́ igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àlùfáà tó. Ẹní ni àwọn ọmọ ń jókòó lé, olúkúlùkù pẹ̀lú wàláà rẹ̀, èyí tí í ṣe igi pẹlẹbẹ tí a fá kí ó dán. Kálámù ni wọ́n fi ń kọ̀wé sí i, tàdáà sì ni wọ́n ń ki kálámù bọ̀.

Álífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá jẹ́ 28. Ọwọ́ ọ̀tún ni a ti ń kọ ọ́ wá sí ọwọ́ òsì. Ọmọ a kọ́kọ́ mọ orúkọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà àwọn àmì tí a ń fi sí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà bí a ti ń so ó pọ̀. Nígbà tí ó bá ti kọ́ Fátíhà, ìparí Àlùkùránì ni yóò lọ, níbi tí àwọn súrà kéékèèké wà, yóò sì máa bọ̀ wá sẹ́yìn títí yóò fi kan àwọn tí ó gùn. Àlùfáà a kọ ẹ̀kọ́ òòjọ́ sórí wàláà, ọmọ a máa ké e sókè títí yóò fi mọ̀ ọ́n lórí. Bí ó bá kà á tí ó yege, a fọ wàláà, a sì kọ òmíràn.

Ẹ má ṣe rò pé ariwo lásán ni ariwo ilé kéwú. Ọ̀nà ọgbọ́n ni. Ojú ọmọ ń wo lẹ́tà, etí rẹ̀ ń gbọ́, ẹnu rẹ̀ ń pè é, ọwọ́ rẹ̀ ń kọ ọ́. Kò sí ẹni tí ń lé ẹnìkan, nítorí pé wàláà tirẹ̀ ni olúkúlùkù ń kà. Èyí tí ó yára a máa lọ síwájú, èyí tí ó lọ́ra a sì máa bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn tí ó ti mọ̀ díẹ̀ a tún máa kọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹnu tí à ń kọ́ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Nínú èdè Lárúbáwá, «qalb» ni ọkàn ènìyàn, «kalb» sì ni ajá. Ọ̀nà ọ̀fun ni a ti ń pe ìró àkọ́kọ́ nínú ti ọkàn, ṣùgbọ́n ti ajá dàbí «k» tiwa. Bí o bá pè é bí Yorùbá lásán, o ti sọ ọkàn di ajá nìyẹn! Lẹ́tà tí a fi ń kọ Yorùbá kò lè fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn dáadáa. Ẹnu olùkọ́ nìkan ni a ti lè gbọ́ ọ.

Agbára wàláà yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Nígbà tí ogun ń jà nílẹ̀ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún yẹn, a kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú gba orí òkun lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíl, àwọn mùsùlùmí sì wà nínú wọn. Nàgó ni wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Malê ni wọ́n ń pe mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ tí ó jọ «ìmàle» tiwa gan-an. Àwọn ẹrú wọ̀nyí kò ní ilé-ẹ̀kọ́, wọn kò ní àkókò, ara wọn pàápàá kì í ṣe tiwọn. Síbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ bá dẹwọ́, wọn a kó ara wọn jọ láti kọ́ kéwú. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn ni arúgbó ẹrú kan tí à ń pè ní Pacífico Licutan. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ dá owó jọ láti rà á padà, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ kọ̀. Nígbà tí ó yá, a gbé arúgbó náà sí túbú nítorí gbèsè tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ.

Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, bí oṣù ààwẹ̀ ti ń parí lọ, àwọn Malê dìde ní ìlú Salvador láti gba òmìnira wọn. Wọ́n gbìyànjú àtitú Licutan sílẹ̀, ṣùgbọ́n apá wọn kò ká a. Àwọn ọmọ-ogun ìjọba borí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Nígbà tí ọlọ́pàá tú ilé wọn, wọ́n bá wàláà níbẹ̀, wọ́n sì bá ìwé tí a fi Lárúbáwá kọ. Súrà Àlùkùránì wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé tí wọ́n bá lọ́wọ́ ènìyàn di ẹ̀rí lòdì sí i ní kóòtù. A ṣì tọ́jú díẹ̀ nínú àwọn ìwé náà ní Bàhíà di òní. Ẹ wò ó, ẹ̀kọ́ tí ẹrú lè rántí kọjá òkun, tí ó sì lè fi kọ́ ẹlòmíràn láìní ìwé títẹ̀, a kò lè pè é ní ẹ̀kọ́ yẹpẹrẹ.

Kí ni àléébù rẹ̀ nígbà náà? Ìrìn-àjò kéwú pín sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni kíka Àlùkùránì. Èkejì ni àkókò tí ọmọ yóò máa kọ́ ìwé nípa ẹ̀sìn àti nípa bí gbólóhùn Lárúbáwá ti ń tò, tí àlùfáà yóò sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún un ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó bá rìn dé ibẹ̀ ni ó ń di ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kì í dé ibẹ̀. Wọ́n ti ṣe wòlímọ̀ ní òpin ọ̀nà kìn-ín-ní, wọ́n sì gbà pé ìrìn-àjò ti parí. Ọ̀nà náà gùn, ó sì ń fẹ́ ọdún púpọ̀.

Ayé wá yí padà. Ilé-ẹ̀kọ́ gẹ̀ẹ́sì gba òwúrọ̀ ọmọ. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọmọ mùsùlùmí àti ọmọ onígbàgbọ́ jọ rọ́ lọ síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ó ṣẹ́kù fún kéwú. Ọ̀nà tí a là fún ẹni tí ó ní gbogbo ọjọ́, wákàtí kan lójúmọ́ kò lè tó o rìn.

Ẹnìkan tí ó ti rí èyí ṣáájú ni Sheikh Adam Abdullah al-Ilory. A bí i ní 1917 ní Wasa, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni orírun bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àti ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà mìíràn ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ọmọ wàláà ni òun náà. Ó lọ sí ilẹ̀ Íjíbítì, ó sì wo bí wọ́n ti ń kọ́ni níbẹ̀. Ní 1952 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí à ń pè ní Markaz. Ní 1955, ọdún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn gan-an, ó gbé e lọ sí Agége. Níbẹ̀ a pín àwọn ọmọ sí kíláàsì, wọ́n ń wo pátákó dúdú, wọ́n ń ṣe ìdánwò, wọ́n sì ń gba ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ń kọ́ gírámà, wọ́n ń kọ lẹ́tà, wọ́n sì ń fi ẹnu ara wọn sọ Lárúbáwá. Olùkọ́ náà tìkára rẹ̀ kọ ọ̀pọ̀ ìwé ní èdè náà. Kì í ṣe gbogbo àlùfáà ni ó kọ́kọ́ gbà á. Àwọn kan bẹ̀rù pé pátákó yóò lé wàláà jáde, ìwà àti ọ̀wọ̀ yóò sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jáde ní Agége tún lọ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ káàkiri, Markaz sì wà títí di òní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olùdásílẹ̀ rẹ̀ ti jáde láyé ní 1992.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni kí a mú nínú ìtàn yìí? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mú ẹnu àti etí láti inú ilé kéwú: wá olùkọ́ tí ahọ́n rẹ̀ mọ́, kí o sì máa kà sókè fún un. Mú ọwọ́ láti orí wàláà: kọ díẹ̀ lójoojúmọ́, bò ó, kí o sì tún un kọ láìwò ó. Mú ìtumọ̀ láti iwájú pátákó: má ṣe fi sílẹ̀ di ìgbà tí o bá parí. Láti inú Fátíhà ni kí o ti máa bèèrè pé, «Kí ni èyí ń wí?»

Má sì ṣe bẹ̀rù, nítorí pé Lárúbáwá ti wà lẹ́nu rẹ. Àlàáfíà, àlùbáríkà, àdúrà, wákàtí, sánmà, fìtílà, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá. Bí o bá ń ka ọjọ́ ní Àláádì, Àtìní, Àtàláátà, Àlàrùbá, Àlàmísì, ìwọ ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún ní Lárúbáwá láìmọ̀. Tún wò ó bí ọ̀rọ̀ ti ń bí ọ̀rọ̀: «kataba» ni ó kọ̀wé, «kitab» ni ìwé, «katib» ni akọ̀wé, «maktaba» sì ni ilé ìkàwé. Ẹni tí ó bá mọ ìyá, kò ní pẹ́ mọ àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá parí Àlùkùránì, ẹ pa àgbò, ẹ bá a yọ̀, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, kí ẹran tó tán nínú ìkòkò, ẹ rán an padà sọ́dọ̀ àlùfáà rẹ̀. Ìdajì ọ̀nà ni ó ṣì rìn.