Oòrùn Àwọn Apèéṣẹ́

Ní ọdún 1889, ní ilẹ̀ Faransé, Camille Pissarro ya àwòrán kan tí ó pè ní Les Glaneuses, èyí tí í ṣe Àwọn Obìnrin Apèéṣẹ́. Ìlú Basel ní Switzerland ni àwòrán náà wà lónìí. Pissarro jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ayàwòrán tí a ń pè ní Impressionist, tí wọ́n ṣe àfihàn tiwọn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Paris ní 1874. Ẹ̀kán ọ̀dà kéékèèké ni ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn títí oòrùn fi ràn sórí pápá àti sórí ẹ̀yìn àwọn obìnrin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yin ẹwà oòrùn náà, wọn a sì kọjá lọ. Lójú tèmi, oòrùn yìí ju ọ̀ṣọ́ lọ. Òfin wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Rúùtù mọ ohun tí ìpèéṣẹ́ jẹ́: olóko a kórè tán, tálákà a sì wá ṣa ohun tí ó ṣẹ́kù. Àṣà yìí wà ní ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ìjìyà wọn ti 1810 ka á sí ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá pèéṣẹ́ nínú oko tí a kò tíì kó tán, tàbí kí oòrùn tó yọ, tàbí lẹ́yìn tí ó bá ti wọ̀. Ojú ọ̀sán, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, ni tálákà gbọ́dọ̀ ti wá oúnjẹ rẹ̀.

Jean-François Millet ti ya apèéṣẹ́ mẹ́ta ní 1857. Nínú tirẹ̀, ojú àwọn obìnrin náà ṣókùnkùn. Òkìtì ọkà olóko ni ìmọ́lẹ̀ ń tàn sí lọ́ọ̀ọ́kán, alábòójútó sì wà lórí ẹṣin. Pissarro, tí ó ya ìwé àwòrán Turpitudes sociales nípa ìyà àwọn tálákà Paris ní ọdún 1889 kan náà, gbé ìmọ́lẹ̀ náà wá bá àwọn obìnrin fúnra wọn.

Nítorí náà, bí a bá ń wo iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí pé wákàtí tí òfin yọ̀ǹda fún wọn ni ó ń tàn sára wọn. Bí ó bá ti wọ̀, ohun tí ọwọ́ wọn ti kó ni wọn yóò gbé lọ sílé, ìbáà kún, ìbáà má kún.