Ọnínì, tọ́rọ́ àti ṣílè àtijọ́: Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ wọ́n láì bà wọ́n jẹ́

Nínú àpótí ìyá àgbà, èèyàn ṣì lè rí ọnínì tó ní ihò láàárín, tọ́rọ́, sísì tàbí ṣílè tó ní àwòrán igi ọ̀pẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á wá ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán gbinrin. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lójú àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ, kọ́ìnì tí wọ́n ti bó lára kò níye lórí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì sí ohun tó lè dá a padà.

Kí ló dé tí fífọ̀ fi ń bà á jẹ́?

Àwọ̀ dúdú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà lára owó bàbà tàbí ti fàdákà kì í ṣe ìdọ̀tí. Afẹ́fẹ́ ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é, ó sì dà bí awọ tó bo irin náà. Omi ọsàn, fínígà àti kóòkì ní ásíìdì nínú. Wọ́n á jẹ awọ yìí, wọ́n á sì jẹ irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Eérú, iyanrìn, ọṣẹ ìfọyín àti kànrìnkàn onírin ní tiwọn á ha á lára.

Ohun kékeré ló sì ń parẹ́ kíákíá. Lára àwọn owó ìgbà òyìnbó, lẹ́tà H tàbí KN máa ń fi hàn pé Heaton tàbí Kings Norton ní Birmingham ló ṣe é. Lẹ́tà yìí àti ọdún tó wà lára owó ni olùrà máa ń kọ́kọ́ wò.

Kí èèyàn mọ irú irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀

Ṣílè tí wọ́n ṣe láàárín 1913 sí 1919 fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jẹ́ fàdákà. Láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ ṣe é. Nígbà tí náírà àti kọ́bọ̀ dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, bàbà ló pọ̀ jù nínú owó kọ́bọ̀ kan. Ṣùgbọ́n àwọn ti 1991 jẹ́ irin tí wọ́n fi bàbà tàbí nickel bò. Òòfà, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì, máa ń fà wọ́n. Èyí tí òòfà bá ti fà, kí wọ́n má rẹ ẹ́ sómi rárá, nítorí ó lè dógùn-ún láti inú wá.

Bó bá di dandan kí wọ́n fọ̀ ọ́

Erùpẹ̀ àti ọ̀rá nìkan ló yẹ kí wọ́n fọ̀ kúrò. Ó dára kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó tí kò níye lórí dánra wò.

1. Kí wọ́n tẹ́ aṣọ rírọ̀ sínú abọ́ ike, kí wọ́n bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, kí wọ́n sì kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i.
2. Ẹyọ kan ni kí wọ́n fi sí i lẹ́ẹ̀kan náà, fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí àwọn owó náà má baà máa ha ara wọn.
3. Etí owó ni kí wọ́n dì mú. Kí wọ́n má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, kí wọ́n má sì fi ọwọ́ ra á.
4. Omi dísítíìlì ni kí wọ́n fi ṣàn án, torí omi kànga àti ti ẹ̀rọ lè fi àmì sílẹ̀ lára rẹ̀.
5. Aṣọ òwú ni kí wọ́n fi tẹ omi gbẹ lára rẹ̀, kí wọ́n má nù ún. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa.

Bí ó bá ń yọ ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé

Bí ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé tó rọ̀ bá ń yọ lára owó bàbà, tí ó sì ń padà wá lẹ́yìn tí wọ́n bá gbọ̀n ọ́n kúrò, àìsàn ni. Iyọ̀ àti ọ̀rinrin ló ń fà á, nítorí náà àwọn tó ń gbé lẹ́bàá òkun gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó kù, kí wọ́n fi í síbi gbígbẹ, kí wọ́n sì fi han ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ibi tí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ sí

Kò yẹ kí wọ́n fi rọ́bà dì í. Kò yẹ kí wọ́n kó o sínú ọ̀rá tó rọ̀ tó sì ń rùn bí ike, torí ọ̀rá bẹ́ẹ̀ máa ń tú ohun tó ń jẹ irin jáde. Àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, èyí tó ń fa omi mu, wúlò nínú àpótí tí wọ́n bá kó wọn sí.

Níbi tí iyèméjì bá wà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí tí wọn kò fọ̀ lónìí ṣeé fọ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n bá ti ra kúrò lára ṣílè kò ní í padà mọ́.