Tánganran, Ọmọrí àti Àlògbó

“Ṣáínà eléegun”! Bí wọ́n ṣe túmọ̀ bone china nìyẹn nínú àkọsílẹ̀ kan tí mo kà lórí àwo ìjẹun àtijọ́. Ẹni tí kò bá wo àmì ohùn orí rẹ̀ dáadáa, eégún ará Ṣáínà ni yóò pè é. Ẹ fi bèèrè àwo lọ́wọ́ ìyá tó ń ta abọ́ ní Dùgbẹ̀ wò, yóò kọ́kọ́ wojú yín bóyá ara yín dá. Nínú àkọsílẹ̀ yìí kan náà ni hallmark ti di “àmì gbọ̀ngàn”, tí tureen sì di “ohun-èlò-ìbu-ọbẹ̀-olómi-sí”. N kò pe ẹni tó ṣe é ní ọ̀lẹ o. Ó ṣiṣẹ́, ó làágùn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló ń rò, Yorùbá kàn jẹ́ aṣọ tó yá fún un wọ̀ ni.

Ká tètè jẹ́ kí èyí tí kò níjà kọjá. Ife, síbí, ọ̀bẹ, àwo pẹrẹsẹ, àwo kòtò: ta ní ń jà lé wọn lórí? Fọ́ọ̀kì ti wọlé. Àwọn olùkọ́ tó fẹ́ àmúga, kí wọ́n máa lo àmúga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì gbọ́ kí ẹni tí ebi ń pa bèèrè àmúga. Sọ́sà? Àwo abẹ́ ife ti tó.

Hallmark ńkọ́? Òǹtẹ̀ ni. Láti ọdún 1300 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí wọ́n máa lu orí àmọ̀tẹ́kùn sára fàdákà tó bá yege, ìyẹn èyí tí 925 nínú 1,000 ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ fàdákà gidi. Nígbà tó yá, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń kó o lọ fún òǹtẹ̀, ibẹ̀ ni “hall” ti bá a tan. Kí ló kàn wá kan ilé tí wọ́n ti lù ú? Òǹtẹ̀ fàdákà, ó parí.

Porcelain ló le. Nígbà tí àwọn ará Ítálì rí àwo Ṣáínà, porcellana ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ orúkọ tí wọ́n ń pe owó ẹyọ ni porcellana tẹ́lẹ̀. Wọ́n wò ó bó ṣe funfun, bó ṣe ń dán, bó ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní ẹyọ ló jọ. Àwa rèé, tí a fi ẹyọ ná ọjà, tí a fi ẹyọ dífá, tí a to ẹyọ sára ẹ̀wù ère ìbejì! Bí ẹnikẹ́ni láyé bá lẹ́tọ̀ọ́ láti pe nǹkan yìí ní “àwo ẹyọ”, àwa ni. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó dùn lẹ́nu, ìtàn sì wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Síbẹ̀ mo fi í sílẹ̀, nítorí àwọn ìyá wa ti sọ àwo náà lórúkọ: tánganran. Àwọn Haúsá náà ní i lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi ń ná abọ́ lọ́jà, tí ọmọdé gbọ́ ní “rọra, tánganran ni!” tó sì fi ọwọ́ méjèèjì di àwo mú, kí la tún fẹ́ kó ṣe? Àwọn onímọ̀ tó ń wá Yorùbá pọ́ńbélé yóò ní àyálò ni. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ìwé ìbí lọ́wọ́ àlùbọ́sà, kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ wàhálà, kí wọ́n sì bèèrè lọ́wọ́ àdúrà tí wọ́n gbà láàárọ̀.

Bí a bá ti gba tánganran, bone china ò le mọ́. Josiah Spode, amọ̀kòkò kan ní Stoke-on-Trent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló mú un dúró ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Eegun màlúù ni wọ́n ń sun, tí wọ́n ń po eérú rẹ̀ mọ́ amọ̀ funfun àti òkúta lílọ̀. Eérú náà sì tó nǹkan bí ìdajì. Ìdí nìyẹn tí ife náà fi lè fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá. Eérú ló wà níbẹ̀, kì í ṣe eegun. Oní àti eérú ló bí eléérú, bí oní àti epo ṣe bí elépo. Tánganran eléérú ni mo dábàá.

Ó wá ku tureen, àwo ńlá elétí méjì tí wọ́n ń bu ọbẹ̀ sí láàárín tábìlì. Terrine ni Faransé ń pè é, láti inú terra, tí í ṣe ilẹ̀ ní èdè Látìn. Ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ló lọ́ ọ po. Ìkòkò amọ̀ lásán ni terrine. Nígbà tí wọ́n wá fi fàdákà rọ ọ́ fún àwọn ọba, orúkọ amọ̀ yẹn náà ló ń jẹ́ lọ.

Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Àbátàn, amọ̀kòkò Òkè-Ọ̀dàn tí òkìkí rẹ̀ kàn dókè òkun, mọ àwo ọta òrìṣà Èyinlẹ̀: ikùn rẹ̀ yọ, ọmọrí bò ó, ère obìnrin wà lórí ọmọrí náà. Inú rẹ̀ ni omi àti ọta odò ń gbé. Ní Kúbà, sopera, àwo ọbẹ̀ tábìlì àwọn ará Sípéènì, ni àwọn ọmọ òrìṣà sọ di ilé ọta. Ti Ọbàtálá funfun, ti Ọ̀ṣun jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ti Yemọja jẹ́ aláwọ̀ búlúù àti funfun. Ṣàngó ò gba tánganran. Igi ni wọ́n ń gbẹ́ fún un. Kí ló dé tó fi jẹ́ sopera, tí kì í ṣe àwo pẹrẹsẹ? Èrò tèmi ni pé ọmọrí ló fà á. Ohun tí kì í ṣe ti ojú gbogbo ayé gbọ́dọ̀ ní ìbòrí.

Nítorí náà, àwo ọlọ́mọrí. Ẹnì kan lè ní ọmọrí odó ńkọ́, ṣebí ọmọrí ni wọ́n ń pe ìyẹn náà? Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dùn mọ́ mi. Odó ní ọmọ, ọlọ ní ọmọ, ìkòkò náà ní tirẹ̀. Yorùbá kì í jẹ́ kí ohun-èlò yàgàn. Ẹ tún wo bó ṣe bá òwò mu. Ohun tí ẹni tó ń ra tureen àtijọ́ kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò ni bóyá ọmọrí rẹ̀ ṣì wà, torí owó rẹ̀ wálẹ̀ bí kò bá sí. Ẹlòmíràn a wá ọmọrí ibòmíràn dé e. “Marriage” ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀. Ìgbéyàwó kọ́ rárá. Ọmọrí àgbàtọ́ ni.

Antique àti vintage ni mo fi ṣe àkẹ́yìn. Òfin owó ibodè Amẹ́ríkà sọ ọ́ pé ohun tó bá ti lé ní 100 ọdún ni antique. Àtayébáyé gbé e dáadáa. Vintage, tí wọ́n yọ látinú ìkórè èso àjàrà, kò tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ orí, àlòkù ni àwọn kan sì ń pè é. Àlòkù kẹ̀! Ẹ fẹ́ pa ọjà olọ́jà. Tòkunbọ̀ náà kò ṣe é, ti mọ́tò àti fíríìjì nìyẹn. Ògbólógbòó? Olè ló tẹ̀ lé e.

Àlògbó ni mo fẹ́. À-lò-kù: a lò ó, ó ṣẹ́kù. À-lò-gbó: a lò ó títí ó fi gbó. Wọ́n á ní aṣọ tó gbó ni àkísà. Obì tó gbó ńkọ́? Àgbàdo tó gbó ńkọ́? Nígbà tí àgbà bá ní “wàá gbó, wàá tọ́”, ṣé àkísà ló ní kí ọmọ dà? Ife tánganran eléérú tí wọ́n ṣe ní Stoke-on-Trent lọ́dún 1955, àlògbó ni títí di 2055. Ọdún yẹn ni yóò di àtayébáyé, bí ọwọ́ ọmọdé ò bá ti tẹ̀ ẹ́.