Àwókù Ìlú Ayutthaya àti Ìtàn tí Ó Wà Nínú Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìlú méjì kan rí ní ilẹ̀ Tàílàńdì, ilẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní Siam tẹ́lẹ̀ rí. Bangkok ni olú-ìlú ilẹ̀ náà lónìí. Òun ni ó ní ààfin tí ń dán, òun náà ni ó ní ọjà ńláńlá àti ilé gogoro. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 80 kìlómítà sí ìhà àríwá rẹ̀ ni Ayutthaya wà, ìlú tí ó ti ṣe olú-ìlú Siam fún ọdún tí ó lé ní 400 kí Bangkok tó di olú-ìlú. Aṣọ wà lọ́rùn Bangkok. Àkísà ni ti Ayutthaya. Àkísà yìí ni àwọn àlejò sì ń ti ìpẹ̀kun ayé wá wò lọ́dọọdún.

Bí àlejò bá dé ibẹ̀, tí ó béèrè ohun tí ó sọ ìlú ńlá bẹ́ẹ̀ di ahoro, ìdáhùn kan náà ni ó sábà máa ń gbọ́: àwọn ará Bọ́mà ni ó jó o ní ọdún 1767. Òtítọ́ ni ìdáhùn yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo àwókù náà lọ́kọ̀ọ̀kan yóò rí i pé ọwọ́ tí ó ba Ayutthaya jẹ́ ju ọwọ́ ọ̀tá nìkan lọ, àti pé ìtàn tí ó bá di gbogbo ẹ̀bi ru ọ̀tá a máa bo iṣẹ́ ọwọ́ ará ilé mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1350 ni ọba kan tí ń jẹ́ U Thong, ẹni tí orúkọ oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ramathibodi, tẹ ìlú náà dó. Orúkọ Ayodhya, ìlú Rama nínú ìtàn Ramayana ti àwọn ará Íńdíà, ni a fi sọ ọ́. Ibi tí odò mẹ́ta ti pàdé, èyíinì ni Chao Phraya, Lopburi àti Pa Sak, ni ó yàn. Wọ́n gbẹ́ yàrà sí ẹ̀gbẹ́ kan láti so àwọn odò náà pọ̀, omi sì yí ìlú ká títí ó fi di erékùṣù. Omi yìí ni odi àkọ́kọ́ tí ìlú náà ní. Lọ́dọọdún ni odò a máa kún bo pápá ní àkókò òjò, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀tá tí ó bá dó ti Ayutthaya ní láti palẹ̀ mọ́ kí omi tó ká a mọ́ ibùdó rẹ̀.

Omi kan náà ni ó gbé ọrọ̀ wọ ìlú. Ní ọdún 1511 ni ikọ̀ àwọn Potogí dé ààfin. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Họ́láǹdì, àwọn ará Jàpáànù, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé dé. Àwọn ará Ṣáínà àti àwọn ará Páṣíà náà ní ibùgbé níbẹ̀. Ọba a máa fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn àjèjì wọ̀nyí ní ilẹ̀ lẹ́yìn odi, kí oníkálukú máa gbé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà ayé Ọba Narai, ikọ̀ láti Ayutthaya dé iwájú Louis kẹrìnlá, ọba ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1686. Lónìí, àlejò lè rí ibi tí àwọn Potogí gbé, níbi tí a ti hú egungun àwọn òkú wọn jáde láti inú ilẹ̀, tí a sì kọ́ ilé bò wọ́n kí òjò má bàa ba ohun ìrántí náà jẹ́.

Èyí tí ó gbayì jùlọ nínú àwọn àwókù náà ni Wat Phra Si Sanphet. Wat ni orúkọ tí àwọn ará Siam ń pe tẹ́ńpìlì ẹ̀sìn Búdà. Orí ilẹ̀ ààfin gan-an ni èyí wà: ní ọdún 1448 ni Ọba Trailokanat kó kúrò lórí ilẹ̀ náà, tí ó tẹ ààfin tuntun sí ìhà àríwá rẹ̀, tí ó sì yọ̀ǹda ibùgbé rẹ̀ àtijọ́ fún ẹ̀sìn. Ibùjọsìn ọba ni, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-ẹ̀sìn kì í gbé inú rẹ̀. Chedi mẹ́ta ni ó dúró tò tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀, ìyẹn ilé bíríkì tí ó rí bí agogo ńlá, tí orí rẹ̀ sì ṣe ṣónṣó. Eérú àwọn ọba tí ó ti wàjà ni a kó sínú wọn. Ní ọdún 1500 ni a ṣe ère Búdà kan síbẹ̀, ó dúró gbọnrangandan, gíga rẹ̀ tó mítà 16, wúrà ni a sì fi bò ó láti òkè dé ilẹ̀.

Ní ti ogun Bọ́mà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kó ìlú náà. Ti àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1569. Ìlú náà sìn wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún gbérí. Ọba Naresuan já àjàgà náà, àwọn ará Siam sì ń ròyìn títí di òní bí ó ti gun erin kojú àrẹ̀mọ Bọ́mà ní ọdún 1593, tí ó sì pa á. Ìṣẹ́gun yìí ni wọ́n so chedi gàgàrà ti Wat Yai Chai Mongkhon mọ́, ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú. Lẹ́yìn náà ni Ayutthaya tún lò ju ọdún 170 lọ nínú ọlá. Nítorí náà, kíkó tí ọ̀tá kó ìlú nìkan kò tó láti pa á rẹ́.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ó le. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri Ayutthaya sì ti lanu láti inú ilé ọba. Nígbà tí Ọba Borommakot wàjà ní ọdún 1758, ọmọ rẹ̀ Uthumphon ni ó gorí oyè, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi yẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ekkathat, tí ó sì wọ inú ẹ̀sìn lọ. Nígbà tí ogun Bọ́mà dé ní ọdún 1760, wọ́n bẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí ogun náà padà, ó tún padà sí ilé ẹ̀sìn rẹ̀. Lọ́dún 1766, àwọn ará Bọ́mà tún dé, wọ́n dó ti ìlú fún nǹkan bí oṣù mẹ́rìnlá. Omi kún gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí àwọn ọ̀tá kò padà lọ sílé. Wọ́n kó sórí ilẹ̀ gíga, wọ́n sì dúró. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1767, wọ́n wọlé. Wọ́n jó ààfin àti tẹ́ńpìlì, wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú, iná sì jẹ ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba. Wúrà ara ère Búdà ńlá nì ni wọ́n fi iná yọ́ kúrò lára rẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ní ti Ayutthaya, ìlú mìíràn ni ẹwà náà bù sí. Taksin, ẹni tí ó kó àwọn ará Siam jọ lẹ́yìn ìṣubú náà, kò tún ìlú àtijọ́ kọ́. Thonburi, ní ìsàlẹ̀ odò, ni ó fi ṣe olú-ìlú. Ní ọdún 1782, Rama kìíní sọdá sí òdìkejì odò, ó sì fi Bangkok ṣe olú-ìlú. Láti kọ́ odi Bangkok, àwọn ènìyàn rẹ̀ tú bíríkì ara odi Ayutthaya, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e gba orí odò wá. Ère Búdà tí ó lé ní 1,000 ni ọba náà kó láti àwọn ìlú àtijọ́ wá sí Bangkok. Ìyókù ara ère ńlá Wat Phra Si Sanphet wà lára ohun tí a gbé wá. Inú chedi kan ní Wat Pho ni ó wà títí di òní.

Kò yẹ kí a pe èyí ní olè. Ìlú tuntun ni, ẹ̀rù Bọ́mà sì ń bà á. Ní ọdún 1785 ni ogun Bọ́mà tún dé lóòótọ́. Ẹni tí ọ̀tá ń lé bọ̀ kò ní dúró sun bíríkì tuntun nígbà tí èyí tí ó ti jinná wà nílẹ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí àlejò mọ̀ pé bí odi Ayutthaya kò bá sí níbi tí ó ti ń wá a, ọmọ ilé ni ó kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ Wat Ratchaburana yàtọ̀ sí ìyẹn. Nígbà tí ọba wàjà ní ọdún 1424, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tí ó dàgbà jù du oyè. Wọ́n gun erin, wọ́n kojú ara wọn, àwọn méjèèjì sì kú lójú ìjà. Àbúrò wọn, Chao Sam Phraya, ni ó jọba. Ibi tí wọ́n ti dáná sun òkú wọn ni ó kọ́ tẹ́ńpìlì yìí sí. Ó kó ohun ọ̀ṣọ́ oníwúrà, idà ọba àti ère kéékèèké sínú yàrá tí ó wà nísàlẹ̀ ilé gogoro àárín rẹ̀. Àwọn ará Bọ́mà kò rí yàrá náà. Ó pamọ́ fún ohun tí ó lé ní 500 ọdún, títí di ọdún 1957 tí àwọn olè ilẹ̀ náà gbẹ́ ilẹ̀ wọ inú rẹ̀ lóru. Ọwọ́ tẹ díẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wúrà náà kò padà wá mọ́. Ohun tí ìjọba rí kó lẹ́yìn náà ni a kó sínú ilé ìkó-ohun-àtijọ́-sí tí a fi orúkọ Chao Sam Phraya pè, èyí tí a ṣí ní ọdún 1961. Ẹni tí ó bá dúró níwájú wúrà yìí, tí ẹwà rẹ̀ sì yà á lẹ́nu, kí ó rántí pé èérún ni.

Irú olè bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ère Búdà tí ó jókòó káàkiri ìlú náà wà láìlórí, nítorí pé orí ère rọrùn láti gé, ó sì rọrùn láti tà fún àwọn olówó òkèèrè. Orí kan ṣoṣo ni ó gbajúmọ̀ jù gbogbo ìyókù lọ, èyí tí gbòǹgbò igi ti wé mọ́ ní Wat Mahathat, tẹ́ńpìlì tí ìtàn sọ pé a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1374. Àlejò tí ó bá fẹ́ ya àwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní láti kúnlẹ̀ tàbí kí ó lóṣòó, kí orí tirẹ̀ má bàa ga ju orí ère lọ. Àwókù ni ní ojú àlejò. Ní ojú onílé, ibi ọ̀wọ̀ ni síbẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó parun. Wat Na Phra Men ṣẹ́kù nítorí pé àwọn ará Bọ́mà fi àyíká rẹ̀ ṣe ibùdó. Wat Phanan Choeng, tí ìtàn sọ pé ó ti wà láti ọdún 1324, kí a tó tẹ ìlú dó, ṣì ní ère Búdà rẹ̀ tí ó jókòó, tí gíga rẹ̀ tó mítà 19, àwọn olùjọsìn sì ń rọ́ lọ síbẹ̀. Wat Chaiwatthanaram, tí Ọba Prasat Thong kọ́ ní ọdún 1630 fún ìrántí ìyá rẹ̀, dúró létí odò Chao Phraya, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti máa ń kun ún ní àwọ̀ osùn. Àjọ UNESCO ka ìlú àtijọ́ náà mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 1991. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2011, omi tí ó ti dáàbò bo ìlú nígbà kan kún bo àwọn tẹ́ńpìlì náà, ó sì gba iṣẹ́ púpọ̀ kí a tó tún wọn ṣe.

Ibì kan wà tí ó yẹ kí àlejò wò kẹ́yìn: Wihan Mongkhon Bophit, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wat Phra Si Sanphet. Ère Búdà ńlá kan tí a fi idẹ ṣe ni ó jókòó síbẹ̀. Iná ọdún 1767 jó ilé orí rẹ̀, òrùlé wó lé e, ère náà sì wà lábẹ́ òjò àti oòrùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni a tún ilé náà kọ́. Nígbà tí iṣẹ́ yìí ń lọ lọ́wọ́, U Nu, olórí ìjọba Bọ́mà, wá sí Ayutthaya, ó sì fi owó sílẹ̀ láti fi ṣe ìrànlọ́wọ́ fún àtúnkọ́ náà. Ọmọ àwọn tí ó jó o dá owó láti tún un kọ́, ní ìwọ̀n ọdún díẹ̀ kí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tó fi òru gbẹ́ ilẹ̀ Wat Ratchaburana.

Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fi ẹnu kan ṣoṣo sọ ìtàn ìlú yìí. Ọ̀tá jó o. Ará ilé tú u nítorí àìní. Olè gbẹ́ ẹ nítorí ojúkòkòrò. Omi bò ó. Ọmọ ọ̀tá sì bá wọn tún un ṣe. Bí a bá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé pé Bọ́mà nìkan ni ó ba Ayutthaya jẹ́, wọn yóò kórìíra Bọ́mà, wọn kò sì ní mọ̀ pé àwọn ni ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ohun tí ó ṣẹ́kù. Ogun Bọ́mà kò tún wá sí Ayutthaya mọ́, ṣùgbọ́n olè àti omi kò tíì dáwọ́ dúró.