Ta Ló Ń Pe Lẹ́tà Ní Lẹ́tà?

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà, ètò inú rẹ̀ lè kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé lẹ́tà ni àwọn àmì wọ̀nyí, àbí nǹkan mìíràn? Ìtàn àyẹ̀wò yìí ni mo fẹ́ sọ.

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà mọ̀, kò mọ lẹ́tà. Ní 1963, wọ́n gbé àtẹ ASCII jáde ní Amẹ́ríkà. Àmì 128 péré ló lè gbà. A jẹ́ 65, Z jẹ́ 90. Nígbà tí Dennis Ritchie ṣe èdè C ní Bell Labs ní nǹkan bí 1972, ẹni tó fẹ́ dá lẹ́tà ńlá mọ̀ lè béèrè bóyá nọ́ńbà rẹ̀ wà láàárín 65 sí 90. Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ IBM tó ń lo àtẹ EBCDIC, àlàfo wà láàárín I àti J, àti láàárín R àti S. Irinṣẹ́ isalpha inú C ló gbani lọ́wọ́ wàhálà yìí: ó lè yẹ àtẹ wò, bí olùkọ́ ṣe ń yẹ ìwé orúkọ wò láàárọ̀.

Kò sí ẹ, ọ àti ṣ nínú ASCII, bẹ́ẹ̀ láti 1875 ni ìjọ CMS ti ṣèpàdé ní Èkó lórí àkọtọ́ Yorùbá. Unicode, tó jáde ní 1991, ló wá fún wọn ní nọ́ńbà tiwọn.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tán. Mo bi èdè Python bóyá lẹ́tà nìkan ló wà nínú "ilé". Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í nípa "ọjọ́". Ó ní rárá! Ìdí ni pé é ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní. Ọ ni, tí a gbé àmì ohùn lé lórí. Unicode kò sì ka àmì ohùn náà mọ́ lẹ́tà.

Ètò tó bá gbára lé àyẹ̀wò yìí nìkan yóò gba Délé wọlé, yóò sì dá Táyọ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ohùn ló ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀.

Àtẹ kì í já bọ́ láti ọ̀run. Èèyàn ló ń tò ó. Ẹ jẹ́ kí àwa ọmọ Yorùbá kọ́ iṣẹ́ náà, kí ètò tí a bá kọ lè mọ̀ pé àmì ohùn jẹ́ ara orúkọ.