Ìgbín tí Kò Ní Ìkarahun: Ìtàn Ìdámọ̀ Ẹ̀yà Kan láti Etí Òkun Tema, pẹ̀lú Àfiwé láti Ilẹ̀ Okun

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Òwe yìí bá ìgbín orí ilẹ̀ mu, ìbáà ṣe ní Kàbà tàbí ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kò bá gbogbo ìbátan ìgbín mu. Àwọn kan wà nínú òkun tí wọ́n ní ìkarahun nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin, tí wọ́n sì bọ́ ọ sọnù kí wọ́n tó dàgbà. Púpọ̀ nínú wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Bébà yìí yẹ ìtàn bí a ṣe dá ọ̀kan nínú wọn mọ̀ wò. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìtàn orúkọ ẹ̀dá kan jẹ́ ìtàn ohun tí àwọn tí ó ń pín in sí ọ̀wọ́ kà sí ẹ̀rí.

2. Nígbà tí ìkarahun jẹ́ ẹ̀rí

Michel Adanson, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ní Senegal láti 1749 sí 1753. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1757, ó tẹnu mọ́ ọn pé ẹran inú ìkarahun ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò, kí a má fi ìkarahun nìkan ṣe ìdájọ́. Kò kọ orúkọ tí àwọn ará ilẹ̀ náà ń lò: ‘Yet’, tí ó fi pe ìgbín òkun ńlá kan, láti inú èdè Wolof ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ fi ẹnu kò lẹ́yìn náà pé 1758, ọdún tí Linnaeus tẹ ẹ̀dà kẹwàá ìwé ńlá rẹ̀ jáde, ni orúkọ ẹranko yóò ti bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni ọdún kan péré ṣe sọ orúkọ Adanson di aláìlẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn tí kò ní ìkarahun ni wọ́n fa ìṣòro jù. Ìkarahun ṣe é kó pamọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹran rírọ̀ kò ṣe é kó bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ọtí líle pa á mọ́, yóò súnkì, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì ṣí. Linnaeus kó díẹ̀ nínú wọn sí abẹ́ orúkọ Doris. Ní 1817, Cuvier fún ọ̀wọ́ wọn ní orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ‘ẹlẹ́mìí ìta’, nítorí pé ìta ara ni ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń mí wà.

3. Tema, 1981

Iyanrìn àti igbó ẹ̀gbà ni ó pọ̀ jù létí òkun Nàìjíríà. Etí òkun Ghana ní àpáta, ihò àpáta ni irú ẹ̀dá yìí sì fẹ́ràn. Malcolm Edmunds, tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ghana ní Legon, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ lórí wọn jáde ní àwọn ọdún 1960. Àǹfààní tí ó ní ju àwọn tí ó ń wo inú ìgò ní Yúróòpù lọ ni pé ó rí wọn láàyè.

Àwọ̀ nìkan kò tó fún ìdámọ̀. Oríṣiríṣi ẹ̀yà nínú ìdílé yìí ni ó ní àwọ̀ búlúù pẹ̀lú ìlà yẹ́lò, nítorí pé wọ́n ń jẹ kàn-ìn-kàn-ìn òkun, wọ́n sì ń tọ́jú oró inú rẹ̀ sí ara wọn; àwọ̀ náà ń kìlọ̀ fún ẹja. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá wọn mọ̀ ní láti wo ìwo orí wọn, ohun tí wọ́n fi ń mí lẹ́yìn, eyín wẹ́wẹ́ tí ó tò sórí ahọ́n wọn, àti ẹ̀yà ìbímọ wọn. Ní 1981, Edmunds fún ẹ̀yà kan ní orúkọ Hypselodoris tema. Orúkọ ìlú Áfíríkà kan wọ inú ìwé àwọn onímọ̀.

4. Ìyípadà ti 2012

Ní 2012, Johnson àti Gosliner fi èròjà àjogúnbá inú ara àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí wé ara wọn. Wọ́n rí i pé àwọn tí ó ń gbé inú Òkun Àtìláńtíìkì, tí a ti ń pè ní Hypselodoris, kì í ṣe ìran kan náà pẹ̀lú àwọn ti Òkun Íńdíà àti ìwọ̀-oòrùn Pàsífíìkì. Nítorí náà, ẹ̀yà ti Tema di Felimare tema (Edmunds, 1981). Àkámọ́ tí ó yí orúkọ Edmunds ká ní ìtumọ̀: ó ń sọ fún òǹkàwé pé ẹni náà ni ó kọ́kọ́ sọ ẹ̀yà yìí lórúkọ, ṣùgbọ́n pé a ti gbé e kúrò nínú ìran tí ó fi í sí.

5. Àfiwé láti ilẹ̀ Okun

Ohun tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn. Owé ní Kàbà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ní orúkọ tiwọn. ‘Okun’ tí ó kó wọn pọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkíni wọn, tí Eva Krapf-Askari, onímọ̀ nípa àwùjọ, dábàá gẹ́gẹ́ bí orúkọ ní àwọn ọdún 1960. Ìkíni dà bí àwọ̀ ara: òun ni àlejò kọ́kọ́ ń ṣàkíyèsí. Ìjọba náà pín wọn ní ọ̀nà tirẹ̀: abẹ́ Ẹkùn Kàbà ní Àríwá ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ní 1967 wọ́n bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwara, ní 1991 wọ́n bọ́ sí Kogi. Kàbà kò kúrò ní ibi tí ó wà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dá inú àpáta Tema kò yí padà ní 2012.

Ìyàtọ̀ kan wà, ó sì ṣe pàtàkì. Ẹ̀dá òkun kò lè sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Àwọn Owé lè sọ ọ́, wọ́n sì ti gba ‘Okun’ mọ́ra láì jẹ́ kí Owé parẹ́.

6. Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ìkarahun, àwọ̀, eyín àti àjogúnbá ti jẹ́ ẹ̀rí ní ìgbà tiwọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tún èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ṣe. Kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ pé ìpínsọ́wọ̀ọ́ kò wúlò. Ohun tí ó yẹ ni pé kí ẹni tí ó bá pín nǹkan sọ ẹ̀rí tí ó lò, kí ó sì fi orúkọ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ inú àkámọ́ ni.