Ohun tí Ògiri Ilé Ìsìn ń Sọ

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú ìwé nìkan ni ìtàn ìjọ wà. Ṣùgbọ́n ìjọ abúlé tí kò ní akọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ a máa fi ìtàn rẹ̀ pamọ́ sí ara ògiri.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ Faransé, níbi tí ilé ìsìn abúlé púpọ̀ ti ju 800 ọdún lọ. Àwọn ará ibẹ̀ kì í sábà wó ilé àtijọ́ tán: ìran kan kọ́ gbọ̀ngàn, ìran kejì tún ibi pẹpẹ kọ́, ìran kẹta gbé ilé aago sókè. Níbi tí ògiri bá nípọn, tí fèrèsé rẹ̀ kéré, tí orí fèrèsé náà sì tẹ̀ bí òṣùmàrè, iṣẹ́ àwọn ará ìṣáájú ni. Níbi tí orí fèrèsé bá ṣe ṣóńṣó, iṣẹ́ àwọn tí ó tẹ̀lé wọn ni. Nítorí ọnà yìí tàn kálẹ̀ lẹ́yìn tí a tún ibi pẹpẹ Saint-Denis, lẹ́bàá Párísì, kọ́ láàrin ọdún 1140 sí 1144.

Ọ̀ràn tiwa kò yàtọ̀ sí èyí. Townsend àti Crowther dó sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ṣùgbọ́n ilé ìsìn Peteru Mímọ́ tí ó wà ní Aké lónìí, ọdún 1898 ni a parí rẹ̀. Ní Kúdẹtì ní Ìbàdàn, níbi tí Hinderer àti Anna aya rẹ̀ dé ní ọdún 1853, ògiri amọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ̀yìn ogun Ìmàgbọn ti ọdún 1892 ni ọ̀nà là fún àwọn oníwàásù.

Báwo ni a ṣe ń kọ́ ilé amọ̀? A ó gbẹ́ ilẹ̀ pupa, a ó pọn omi sí i, a ó fi ẹsẹ̀ pò ó. Ìpele kan ní láti gbẹ kí a tó mọ òmíràn lé e. Ewé gbòdógì tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni a fi ń bo orí rẹ̀, a sì níláti máa tún un bò nígbà gbogbo. Nígbà tí páànù dé, wàhálà òrùlé dínkù. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì dé, a fi rẹ́ ara ògiri. Nítorí náà, ilé kan ṣoṣo lè ní amọ̀ nínú, sìmẹ́ǹtì lára, àti páànù lórí: ìran mẹ́ta nínú ilé kan, gẹ́gẹ́ bí ti Faransé.

Kì í ṣe pé a lòdì sí ilé titun. Òjò a máa jẹ amọ̀, ìjọ a sì máa pọ̀ ju àyè lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá wó ògiri láìkọ ohunkóhun sílẹ̀, a ti sun ìwé kan ṣoṣo tí a ní. Ẹ̀yin ará Màmù àti gbogbo abúlé agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ẹ tó gbé ọkọ́ sí ògiri àtijọ́, ẹ wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà léèrè àwọn tí ó po amọ̀ náà àti àwọn obìnrin tí ó ru omi rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìjọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ titun yẹ ilé Ọlọ́run. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àkísà rẹ̀ ṣègbé.